Owó Oṣù Inú Ìwé Pélébé

Ohun tó kọ́kọ́ kọ Blandine lóminú ni pé ọkùnrin náà kò béèrè iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Blandine ti ń ra sóyà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Agbonou, tó ń tà á fún àwọn oníṣòwò tó ń ti Lomé wá. Iṣẹ́ náà ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n kan: ẹni tó bá fẹ́ tajà fún ọ tí kò bìkítà nípa ohun tó wà nínú àpò rẹ, ó ti mọ ibòmíràn tí òun máa gbà mú owó náà.

Ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn Máàsì dé. Modeste ló mú ọkùnrin náà wá. Àbúrò ọkọ Blandine tó ti dolóògbé ni Modeste, akọ̀wé ìjọba ni ní Atakpamé, òun sì ni gbogbo ẹbí máa ń wò lójú bí ọ̀rọ̀ ìwé bá délẹ̀. Àlejò rẹ̀ ń jẹ́ Laurent. Ó ní láti ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Lomé ni òun ti wá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà. Nítorí Armelle ló ṣe wá. Armelle, ọmọ kan ṣoṣo tí Blandine bí, ti yege nínú báàkì, ìdánwò tí wọ́n fi ń parí ilé-ìwé girama, lóṣù tó kọjá, máàkì rẹ̀ nínú ìṣirò sì ga débi pé ọ̀gá ilé-ìwé wọn fúnra rẹ̀ wá kí wọn nílé.

“Ọdún mẹ́ta péré ni, Màmá,” ni Laurent wí. Ó tẹ́ ìwé pélébé kan sórí tábìlì. Àwòrán ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín wà níwájú rẹ̀, kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀. “Ẹ wo èyí. Roméo lorúkọ rẹ̀, ọmọ Notsé lójú ọ̀nà Lomé ni. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ló ti jáde. Ẹ wo owó tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.”

Armelle ló kà á jáde. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún sẹ́fà. Owó oṣù àkọ́kọ́ nìyẹn.

“Lóṣù kan?” ni Blandine béèrè.

“Lóṣù kan ṣoṣo, Màmá.”

“Owó ilé-ẹ̀kọ́ ńkọ́?”

“Ìyẹn kò gbọdọ̀ já yín láyà.” Laurent rẹ́rìn-ín. “Koperatífù kan wà tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Wọ́n á yá ọmọ yín ní mílíọ̀nù méjì, gbogbo ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á máa san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lóṣù fún ọdún mẹ́rin. Àádọ́ta nínú ọ̀ọ́dúnrún, kí ni ìyẹn? Ohun kan tí wọ́n ń fẹ́ kò ju pé kí ẹ fi nǹkan dúró. Hẹ́kítà méjì igi tíìkì yẹn sì tó, ó ṣẹ́ kù pàápàá.”

Blandine gbé ojú sókè. Kò tíì sọ fún ọkùnrin yìí pé òun ní ilẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ iye hẹ́kítà rẹ̀. Lójú ọ̀nà Elavagnon ni tíìkì náà wà. Ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín lọ́dún tí wọ́n bí Armelle. Ó wo Modeste. Modeste ń wo inú fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já sínú rẹ̀.

“Ìyá Armelle,” ni Modeste wí nígbà tó yá, “àyè ogún péré ló kù. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún wa. Ẹ jẹ́ ká má fi ìfura ba ọ̀nà ọmọ jẹ́.”

“Mo ti gbọ́, Bàbá Raymond,” ni Blandine fi orúkọ ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn. “Ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ fún wa.”

Wọ́n lọ. Armelle kó ife omi tí àlejò mu kúrò nílẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Blandine mọ̀ pé ìbínú ni.

“Màmá, ẹ̀yin máa ń fura sí gbogbo ènìyàn. Ẹ fura sí tíṣà tó fẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fura sí fádà tó yá mi ní kọ̀ǹpútà.”

“Fádà gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà, àbí kò gbà á?”

“Ó gbà á nítorí pé tirẹ̀ ni!”

“Ó dáa. Báwo ni Laurent ṣe mọ̀ pé hẹ́kítà méjì ni?”

Armelle gbé ife náà sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Bóyá bàbá kékeré ló sọ fún un.”

“Kí ló dé tí bàbá kékeré rẹ fi sọ fún un kó tó sọ fún èmi?”

Ìwé àdéhùn tí Laurent fi sílẹ̀ nípọn tó ìwé kíkà ọmọ ilé-ìwé, èdè Faransé inú rẹ̀ sì le. Blandine ka ìwé dé ìparí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà Armelle ló ń kà á fún un lójúmọ́, tó ń túmọ̀ rẹ̀. Ojú ewé kẹsàn-án ni wọ́n dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ohùn Armelle fi lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀.

“Tún ibẹ̀ kà,” ni Blandine wí.

“Wọ́n ní… sísan gbèsè náà á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá parí, yálà akẹ́kọ̀ọ́ rí iṣẹ́ tàbí kò rí i.”

“Laurent ní ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ló wí.”

“Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà?”

Armelle wá a, ó rí i. Gbogbo mílíọ̀nù méjèèjì ló máa wà lọ́rùn ẹni bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú èlé: mílíọ̀nù méjì àti irínwó ẹgbẹ̀rún. Síbẹ̀ Armelle fẹ́ràn iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ó ti fi kọ̀ǹpútà fádà kọ ètò kékeré kan tó ń ṣírò iye àpò sóyà tí ìyá rẹ̀ rà, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Blandine mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ náà ló ń bà á lẹ́rù.

“Roméo tó wà nínú àwòrán yẹn,” ni ó wí níkẹyìn. “Ṣé ẹni gidi ni?”

Armelle wá orúkọ rẹ̀ lórí Facebook, ó rí i, ó kọ̀wé sí i. Ọjọ́ méjì kọjá, kò dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kẹta, gbólóhùn méjì péré ló dé: *Ẹ má pè mí lórí fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ wá sí Notsé.* Ó kọ orúkọ ilé-ìwé kan, ó ní inú ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ọ́ ni òun wà.

“Ẹni tó ń gba ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún lóṣù, kí ló fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ilé-ìwé?” ni Blandine béèrè. Ní ọjọ́ kejì, ó ti ilé ìkójà rẹ̀ pa, òun àti ọmọ rẹ̀ gun zémì, ọ̀kadà akérò, dé ibùdókọ̀ Atakpamé, wọ́n sì wọ takisí tó ń lọ sí Lomé. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Notsé kí oòrùn tó mú.

Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé wà lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin àgbàlagbà kan ló jókòó tì í. Ní ẹ̀yìn, ọ̀dọ́kùnrin inú àwòrán náà wà níwájú kọ̀ǹpútà méjì. Ó ti rù ju ti àwòrán lọ. Bó ṣe rí wọn ló dìde, kò sì rẹ́rìn-ín.

“Ta ló rán yín?” ni ó fi èdè Ewe béèrè. Ewe kì í ṣe àjèjì létí Blandine. Ọjà ló ti kọ́ ọ.

“Ẹnikẹ́ni kò rán wa. Ọmọ mi yìí ló kọ̀wé sí ọ.”

“Ṣé koperatífù ni? Mo ti sọ fún wọn pé ọjọ́ karùn-ún oṣù ni mo máa san.”

“Bí koperatífù bá máa wá gbowó, ṣé wọ́n á rán obìnrin tí eruku sóyà bo bàtà rẹ̀?”

Roméo wo bàtà rẹ̀, ó wo Armelle, ó wo ìwé pélébé tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Nígbà tó rí ojú ara rẹ̀ lórí rẹ̀, ó yí orí kúrò. Ó fa àga méjì fún wọn.

“Wọ́n ṣì ń pín in kiri?”

“Ṣé òótọ́ ni iye tó wà níbẹ̀?” ni Blandine béèrè.

“Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Ọmọ kíláàsì wa kan lọ sí Dakar, àwọn ọ̀gá kan gbà á síṣẹ́, owó tirẹ̀ nìyẹn. Àwa méjìlélọ́gbọ̀n la jáde. Òun kò fẹ́ ya àwòrán, èmi ni wọ́n pè. Oṣù kejì tí mo jáde ni, n kò tíì ríṣẹ́, wọ́n ní àwọn á yọ owó oṣù kan kúrò nínú gbèsè mi. Wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín.”

“Èló wá ni tìrẹ?”

Kò yá a lára láti sọ. Ìyá rẹ̀, obìnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ, ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà láìwẹ̀yìn: “Àádọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ni. Sọ fún wọn, kí lo ń fi pamọ́?”

Ọ̀rọ̀ wá jáde lẹ́nu Roméo wàyí. Ilé-iṣẹ́ kan ní Lomé ló ń kọ ètò fún, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún sẹ́fà lóṣù. Bó bá san àádọ́ta fún koperatífù, ogójì ló kù. Ogójì kò lè gba yàrá ní Lomé kó tún fún un ní oúnjẹ àti owó ọkọ̀, nítorí náà ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun máa ṣiṣẹ́ náà láti ilé ìyá òun. Ọdún kejì gbèsè náà ló wà. Kí ó tó rí iṣẹ́ yìí, oṣù mẹ́jọ ni ìyá rẹ̀ fi san án fún un, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nítorí rẹ̀.

“Àwọn yòókù ńkọ́?” ni Armelle béèrè.

“Àwọn tí mo mọ̀, owó oṣù àkọ́kọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún, kò ju ọgọ́fà lọ. Àwọn mìíràn ń ṣe sìtáàjì, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, títí di òní, wọ́n ń ṣiṣẹ́, owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún wọn. Má ṣi mí gbọ́ o, àbúrò. Iṣẹ́ náà dára. Bó o bá mọ̀ ọ́n, owó rẹ á máa lọ sókè. Gbèsè ni kò ní sùúrù dúró de ìgbà tó máa lọ sókè.”

Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kan sí ọ̀dọ̀ Armelle, ó fi ohun tó ń ṣe hàn án, ètò kan tí ilé ìtajà oògùn máa fi mọ èyí tó kù lórí pẹpẹ. Láìpẹ́ Armelle ti fa àga mọ́ ọn, ó ń na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà náà, ó ń béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ eléyìí ṣáájú tọ̀hún. Roméo tún ibì kan ṣe nítorí ìbéèrè rẹ̀. Blandine kò mọ ohun tí wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ọmọ rẹ̀. Ó ti ń rò ó lọ́kàn pé bóyá òun lè ta igi díẹ̀, bóyá…

“Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́,” ni Roméo wí, ó kọjú sí Blandine bí ẹni pé ó gbọ́ èrò rẹ̀, “wọn kò béèrè ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ. Ìdánwò ni wọ́n fún wa. Ẹni tó jókòó tì mí, yunifásítì ìjọba ló ti wá. Owó kan náà ni wọ́n ń san fún àwa méjèèjì, òun kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.”

“Wọ́n ní ibẹ̀ kún jù,” ni Armelle wí.

“Ó kún. Wàá dúró nígbà mìíràn lẹ́nu ọ̀nà kí o tó gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí. Ta ló mú yín mọ Laurent?”

“Àbúrò ọkọ mi ni,” ni Blandine wí.

“Ṣé ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà?”

“Raymond wà níbẹ̀. Ọdún kẹta rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ báyìí.”

Roméo tún àwọn ìwé orí tábìlì rẹ̀ tò. “Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá,” ni ó wí, “iye tí wọ́n ń yọ fún un nínú gbèsè ọmọ rẹ̀ lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan tó bá mú wá.”

Nínú takisí tí wọ́n fi ń padà, Armelle sọkún díẹ̀, ó kọ ojú síta kí ìyá rẹ̀ má bàa rí i. Blandine rí i, ó jẹ́ kó sun ún. Kò lọ sílé. Bí wọ́n ṣe dé Atakpamé, ó ní kí Armelle máa gun zémì lọ, òun sì gba ilé Modeste lọ tààrà.

Modeste ń gé koríko àgbàlá rẹ̀. Ó rí ojú obìnrin náà, ó fi àdá lélẹ̀.

“Bàbá Raymond, ẹ jọ̀ọ́, ìwé ilẹ̀ ọkọ mi tó wà lọ́wọ́ yín, mo fẹ́ rí i.”

“Ṣé kò sí nǹkan?”

“Ìwé náà ni mo fẹ́ rí.”

Ó pẹ́ nínú yàrá kí ó tó jáde. Inú àpò ọ̀rá ni ìwé náà wà, ẹ̀dà rẹ̀ kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Blandine fà á yọ. Òǹtẹ̀ koperatífù wà lórí ẹ̀dà náà, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sì ti ju oṣù méjì lọ. Ó ti pẹ́ ṣáájú kí Laurent tó fẹsẹ̀ kan àgbàlá Blandine! Àbájáde ìdánwò báàkì pàápàá kò tíì jáde lọ́jọ́ náà.

“Èló ni wọ́n ń yọ fún yín lórí Armelle?” ni ó béèrè.

“Ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ìyá Armelle, ṣé èmi ni ẹ ń—”

“Èló ni?”

Modeste jókòó sórí òkúta tó wà lẹ́bàá ògiri. Akọ̀wé ìjọba tí gbogbo ẹbí ń wò lójú ni, kò sì sí ìgbà tí Blandine rí i kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rí. “Igba ẹgbẹ̀rún,” ni ó wí.

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Raymond kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Láti ọdún tó kọjá ló ti fi í sílẹ̀. Kò lè bá àwọn yòókù rìn nínú ìṣirò, ìtìjú sì mú un débi pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́rin. Ẹrù ló ń gbé báyìí ní Lomé. Koperatífù sì ń yọ àádọ́ta ẹgbẹ̀rún kúrò nínú owó oṣù Modeste lóṣooṣù, láti ọ́fíìsì gan-an, kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Laurent ló ní bí ó bá mú akẹ́kọ̀ọ́ wá, gbèsè á máa dínkù.

“Ẹ sì mọ̀ pé irọ́ ni ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún yẹn.”

“Mo mọ̀ pé Armelle kì í ṣe Raymond. Ọpọlọ rẹ̀ pé. Mo ní òun á ṣe é, òun á rí iṣẹ́ gidi, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára.”

“Bí kò bá wá rí i? Tíìkì ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?”

“N kò fojú sí ilẹ̀ náà, mo fi Ọlọ́run búra.”

Blandine kò mọ̀ bóyá òun gbà á gbọ́. Ó ká ìwé ilẹ̀ náà sínú ìró rẹ̀, àtẹ̀dà àtojúlówó, ó sì ní: “Ẹ sọ fún ìyàwó yín lálẹ́ òní. Bí ẹ kò bá sọ, èmi á sọ fún un. Kì í ṣe nítorí kí n dójú tì yín. Kò yẹ kí ènìyàn máa fi oúnjẹ ilé san gbèsè tí ẹni tó ń se oúnjẹ kò mọ̀.”

Ọjọ́ méjì ló kù kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ yunifásítì ìjọba nígbà tí Armelle lọ sí Lomé lọ forúkọ sílẹ̀. Wọn kò kọ́kọ́ mú un fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ìṣirò ni wọ́n fi í sí. Ó dé sílé pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó ní bí àwọn bá ti fọwọ́ sí ti Laurent ni, òun ì bá ti mọ ibi tí òun wà. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, Blandine bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìfura òun ti tó, bóyá ó ti kọjá ààlà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀, orúkọ Armelle jáde nínú àwọn tí wọ́n fi kún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, nítorí àwọn kan ti lọ sí ibòmíràn. Owó ọdún kan níbẹ̀ kò tó ohun tí Roméo ń san fún koperatífù lóṣù méjì. Blandine ta àpò sóyà méjìlá tó fẹ́ tọ́jú de ìgbà tí ọjà á wọ́n, ó fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù fún un. Kí ó tó sanwó, ó ní kí ẹni tó ń tà á tan án, kó pa á, kó tún un tàn, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní gbogbo àkókò náà, Modeste kò wá sí Agbonou. Ní Máàsì, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí, á sì ti lọ kí àwọn ènìyàn tó jáde. Ìyàwó rẹ̀ wá kí Blandine lẹ́ẹ̀kan, kò sọ ohunkóhun nípa gbèsè, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́ kí ó tó máa lọ.

Ọjọ́ tí Armelle ń lọ, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ sórí takisí ní Atakpamé nígbà tí Modeste yọ láàárín èrò. Ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀. Ó kí Blandine, Blandine dá a lóhùn. Ó fa àpòòwé kan yọ, ó nà án sí Armelle.

“Fi ra ohun tó o bá nílò,” ni ó wí. “Bó o bá rí Raymond, sọ fún un pé ilé ṣì wà.”

Ó ti yí padà kí ọmọ náà tó dúpẹ́ tán. Blandine gba àpòòwé náà lọ́wọ́ Armelle, ó ṣí i. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ó fẹ ẹnu àpòòwé náà sílẹ̀, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó yí i padà, ó gbọ̀n ọ́n. Ó ń wá ìwé tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

“Màmá,” ni Armelle wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Blandine kó owó náà padà sínú rẹ̀, ó dá a padà fún un. “Bó o bá dé, pe bàbá rẹ kékeré kó o tó pè mí,” ni ó wí. “Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Awakọ̀ fọn fèrè. Armelle wọlé, ó gbé kọ̀ǹpútà náà sórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ọkọ̀ sì gba ọ̀nà Lomé lọ.